Iná Lára Awọ, Ìpalára Nínú Ìfun

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ẹ kò sì gbọdọ̀ rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ wọn ṣe ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìjàǹbá kan tí ó bá obìnrin kan nínú ìjọ wa ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Sítóòfù kẹrosíìnì gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ó ti ń se oúnjẹ alẹ́. Iná jó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó jó itan rẹ̀ àti apá kan ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àwọn ẹbí rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò imú rẹ̀ títí dé inú rẹ̀, wọ́n sì ń ro oúnjẹ olómi sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ni iná jó. Kí ni wọ́n ń wá nínú ìfun ọmọ mi? Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ tù ú ná, kí ó tó jẹun."

Ọ̀rọ̀ ìyá náà tọ́ lójú mi, mo sì gbè é lẹ́yìn. Mo bẹ nọ́ọ̀sì náà pé kí ó yọ rọ́bà yìí títí di ọ̀túnla. Kò gbà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. Ìfun yẹn gan-an ni a ń dáàbò bò." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, kò sì jẹ́ kí n sùn. Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà fi hàn mí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bá ìbéèrè ìyá àgbà yẹn jà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí ìfun jẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọ ìfun ẹran rí mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dán bí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí wúruwùru bí táwẹ̀lì tí omi rẹ. Ohun tín-ín-tín bí ìka ọwọ́ ni ó kún inú rẹ̀ láìlóǹkà, iṣẹ́ wọn sì ni láti fa oúnjẹ mu. Àwọn tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 wí pé bí a bá lè tẹ́ gbogbo inú ọ̀nà oúnjẹ ènìyàn kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò bo ilẹ̀ yàrá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 5. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ògiri ńlá yìí kò nípọn rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bò ó, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí búlọ́ọ̀kù tí a tò láìtún fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ẹyọ ẹ̀dá kéékèèké tí gbogbo ara wa fi kọ́. Ti inú ìfun kì í pẹ́ láyé. Inú kòtò kékeré tí ó wà láàárín àwọn ìka náà ni a ti ń bí wọn. Wọn a gun òkè lọ, wọn a ṣiṣẹ́, nígbà tí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún wọn a re bọ́, àwọn mìíràn a sì gba ipò wọn. Ní ọdún 1963, Marilyn Farquhar àti George Palade fi ẹ̀rọ alágbára tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣe àpèjúwe bí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń dì mọ́ èkejì lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni fi amọ̀ dí ojú àlàfo.

Ní ìhà kan ògiri náà ni oúnjẹ wà, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí iye wọn kò ṣe é kà. Ní ìhà kejì ni ẹ̀jẹ̀ wà. Aládùúgbò rere ni ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò wọ̀nyí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró sí ibi tiwọn. Àwọn baba wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí iná tí ó jó ara lóde ṣe ń mú kí ògiri inú yìí lanu.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fura sí i ni àwọn tí ń la òkú wò láti mọ ohun tí ó pa wọ́n. Ní ọdún 1823 ni Joseph Swan ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Páríìsì, Guillaume Dupuytren, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu, pín ìjóná sí ìpele mẹ́fà nínú àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1832. Ó sì ṣàkíyèsí pé nínú òkú àwọn tí iná pa, inú ìfun a máa pọ́n, ẹ̀jẹ̀ a sì kún un. Ó rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Thomas Blizard Curling, oníṣẹ́ abẹ ní London Hospital, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ojú inú wo ìlú náà ní ìgbà ayé rẹ̀: iná ìdáná tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú gbogbo yàrá, aṣọ òwú gígùn lára àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé, àti ẹta iná kan ṣoṣo tí ó tó láti sọ ènìyàn di ògùṣọ̀. Irú wọn ni a ń gbé wá sí ilé ìwòsàn. Nínú wọn ni Curling ti rí ohun àjèjì kan. Aláìsàn a wà lórí ibùsùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá a lójú pé ewu ti kọjá. Lójijì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dúdú máa gba ìdí rẹ̀ jáde, yóò sì kú. Nígbà tí wọ́n bá la òkú rẹ̀, wọn a rí ọgbẹ́ jíjìn kan ní orí ìfun, níbi tí oúnjẹ ti ń jáde kúrò nínú àpò ikùn. Ọgbẹ́ náà a ti jẹ ògiri ìfun wọlé, nígbà mìíràn a sì ti jẹ dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìrírí tirẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kó jọ, àwọn aláìsàn mẹ́wàá, tí ó sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1842, nígbà tí kò ì tíì ju ẹni ọdún 31 lọ. Láti ìgbà náà títí di òní ni a ti ń pe ọgbẹ́ inú tí ìjóná bí ní ọgbẹ́ Curling.

Curling kò dákẹ́ sí ibi pé ó rí i. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké kan wà ní orí ìfun tí wọ́n ń tú omi jáde, èyí tí a fi orúkọ Brunner pè, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ṣàpèjúwe wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Curling rò pé nígbà tí iná bá ti jó awọ, tí awọ kò sì lè làágùn mọ́, àwọn ẹṣẹ́ wọ̀nyí ni a di ẹrù náà rù. Iṣẹ́ àṣejù ni ó mú wọn gbóná, tí ó sì sọ wọ́n di egbò. Àlàyé náà kò tọ́. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti kàwé jù ú lọ kí ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó sọ pé ẹ̀yà ara kan lè fara gbá ìyà tí ó jẹ òmíràn, láìjẹ́ pé wọ́n fara kan ara wọn, ti sọ òótọ́ tí ó tóbi ju àṣìṣe rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfun fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé fún ìgbà pípẹ́. Ọgbẹ́ tí ó wà lójú ni gbogbo ènìyàn ń tọ́jú. Àwọn kan wí pé oró ni awọ tí ó jóná ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń wá ohun tí wọn yóò fi sé oró náà mọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1925, Edward Davidson ní ìlú Detroit gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń ro oje tí a fi ń ṣe awọ ẹran sórí ọgbẹ́ iná, kí ó lè gan bí awọ bàtà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ṣe èyí kí a tó rí ìpalára tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kan ti tàn kí Davidson tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kò tètè rí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1921, ilé ìwòran kan tí a ń pè ní Rialto jóná ní ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà. Frank Underhill, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale, yẹ omi inú ìléròrò àwọn tí iná jó wò. Ó rí i pé kì í ṣe omi lásán, pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ti omi ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ó wá di mímọ̀ pé ẹni tí iná jó dàbí ìkòkò tí ó là: ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú iṣan rẹ̀ ń jò lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ó kù sì ń ki. Nígbà tí ilé fàájì Cocoanut Grove jóná ní ìlú Boston ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1942, tí ènìyàn 492 sì kú, ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fi ṣiṣẹ́ lára àwọn tí ó yè. Ní ọdún 1968, Charles Baxter ní ilé ìwòsàn Parkland, ní ìlú Dallas, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí a ń lò káàkiri ayé. Bí ẹni tí ó wọn kílò 70 bá jóná ní ìdá 40 nínú ìdá 100 ara rẹ̀, omi tí ìṣirò náà ní kí a fà sí i lára láàárín ọjọ́ kan ju lítà 11 lọ, ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iná ti jó o.

Ẹ lè bi mí pé kí ni eléyìí kan ìfun. Níhìn-ín gan-an ni okùn ti so. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, ara a ṣe bí baálé ilé tí ìyàn dé bá. A wo àwọn tí ó wà nínú ilé, a sì pinnu ẹni tí yóò jẹ àti ẹni tí yóò gbààwẹ̀. Ọpọlọ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, ọkàn kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Awọ àti ìfun ni a ń bù ní tiwọn. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun a sún kì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo ti sọ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò láyé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìrí afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ tó. Orí àwọn ìka kéékèèké nì ni ebi a kọ́kọ́ pa, nítorí òpin ọ̀nà ni wọ́n wà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà dé, kì í ṣe àlàáfíà nìkan ni ó ń bá a dé. Afẹ́fẹ́ tí ó padà lójijì a tún máa bí àwọn èròjà mìíràn tí ń jẹ sẹ́ẹ̀lì náà lára. Bí omi tí a ń fà sí aláìsàn bá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìfun ni ó ń san gbèsè náà.

Títí di ìgbà yìí, inú òkú ni a ti ń rí ọgbẹ́ Curling. Ní ilé ìwádìí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní Fort Sam Houston ní Texas, ni a ti fi rọ́bà oníná tí ènìyàn lè gbé mì wo inú àwọn tí iná jó nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Czaja, McAlhany àti Pruitt kọ ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1974. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ìjóná wọn le ni ọgbẹ́ kéékèèké ti wà nínú ikùn wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ̀jẹ̀ tí Curling rí jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí aláìsàn kò ì tíì ráhùn inú rárá. Ní ọdún 1976, àwọn mẹ́ta yìí kan náà fi hàn pé oògùn tí ń pa omi kíkan inú ikùn lè dá ewu rẹ̀ dúró.

Síbẹ̀ nǹkan kan ṣì kù tí omi kíkan kò lè ṣàlàyé. Àwọn tí iná jó ń kú nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ti ń wọlé, Leonard Colebrook sì ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ní Glasgow àti ní Birmingham nígbà ogun àgbáyé kejì àti lẹ́yìn rẹ̀ láti fi sé ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ a bàjẹ́ láìjẹ́ pé a lè fi ọwọ́ kan ibi tí kòkòrò gbà wọlé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Jacob Fine ní Boston ti ń pariwo láti àwọn ọdún 1950 pé nígbà tí ara bá dákú nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, oró àwọn kòkòrò inú ìfun ni ń jò wọ inú ara. Díẹ̀ ni ó gbà á gbọ́. Ní ọdún 1979 ni Rodney Berg àti Garlington fi ẹ̀rí hàn nínú eku èlírí pé àwọn kòkòrò lè gba ògiri ìfun kọjá wọ inú ara ní tòótọ́. Edwin Deitch àti Berg sì tọ ipasẹ̀ yìí lọ sínú ọ̀rọ̀ ìjóná. Ní ọdún 1990 Deitch gbé e dé ara ènìyàn. Ó fún àwọn tí iná jó ní oríṣi ṣúgà méjì mu: ọ̀kan tí ẹyọ rẹ̀ kéré tí ó ń kọjá ní ìrọ̀rùn, àti èkejì tí ẹyọ rẹ̀ tóbi, tí ògiri tí ó le kì í jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tí ó tóbi ń jáde nínú ìtọ̀ wọn ju bí ó ti yẹ lọ, láìpẹ́ sí ìgbà tí iná jó wọn. Ògiri ti lanu.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí mo ti rí ìwé tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di àsọdùn. Pé ògiri ń jò kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí iná jó ni kòkòrò inú rẹ̀ yóò pa. Ohun tí a rí nínú eku kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ nínú ènìyàn, àwọn amòye ṣì ń jiyàn lórí bí ti ènìyàn ti pọ̀ tó.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan? Steven Wolf àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Galveston dáhùn ní ọdún 1999. Wọ́n jó awọ ẹ̀yìn àwọn eku èlírí tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun. Iná náà kò dé ibi tí ìfun wà. Síbẹ̀, kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo ìfun wọn ti ń kú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ikú náà kì í ṣe irú èyí tí iná ń fà, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bẹ́. Wọ́n kú bí ẹni tí ó palẹ̀ ẹrù ara rẹ̀ mọ́: sẹ́ẹ̀lì a súnkì, a gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a sì pòórá. Ara ni ó ránṣẹ́ ikú sí wọn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rántí ìyá àgbà tí ó ní ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn nìkan ni iná jó.

Bí a bá ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ rọ́bà imú kò ṣòro mọ́. Àṣà àtijọ́, àní láàárín àwọn oníṣègùn, ni pé kí ẹni tí iná jó sinmi oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1984, Mochizuki, Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cincinnati dán an wò lára ẹranko kékeré kan tí a ń pè ní guinea pig, tí ó dàbí òkété tí kò ní ìrù. Wọ́n bọ́ àwọn kan láàárín wákàtí méjì tí wọ́n jó wọn. Àwọn yòókù dúró di ọjọ́ kẹta. Ìfun àwọn tí ó tètè jẹun nípọn, ó sì wúwo. Ti àwọn tí ó dúró ti rù. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun kì í dúró de ẹ̀jẹ̀ nìkan. Nínú oúnjẹ tí ó ń kọjá níwájú wọn ni wọ́n ti ń bu tiwọn jẹ kí wọ́n tó gbé ìyókù fún ara. Ẹni tí ó bá pa oúnjẹ mọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ tún sá fún wọn, ó fi ìyàn méjì pàdé wọn. Nítorí náà ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ní ọjọ́ kìíní gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ bí ẹ̀kán omi. Láti ìgbà tí omi, oògùn omi kíkan àti oúnjẹ kíákíá ti di àṣà, ọgbẹ́ Curling ti di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ìrètí ni ó ṣẹ. Èròjà kan wà nínú oúnjẹ tí a ń pè ní glutamine, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun fẹ́ràn púpọ̀, ọ̀pọ̀ sì rò pé bí a bá fi kún oúnjẹ àwọn tí iná jó, wọn yóò yè sí i. Ìdánwò ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, nínú èyí tí a gba aláìsàn tí ó lé ní 1,200, kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Oúnjẹ lásán tí ó tètè dé ṣàǹfààní. Èròjà olówó iyebíye kò fi nǹkan kan kún un.

Ní ọjọ́ kẹrin mo padà lọ sí ilé ìwòsàn náà, mo sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo jókòó ti ìyá ọkọ obìnrin náà, mo ṣàlàyé ohun tí mo ti kà fún un bí mo ti lè ṣe é, ti ògiri, ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ebi ń pa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun béèrè bóyá ògì tí òun fúnra òun pò lè gba inú rọ́bà náà kọjá. Nọ́ọ̀sì ní rárá, oúnjẹ tí àwọn wọ̀n ni yóò gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ rọ́bà náà, kí Màmá gbé ògì wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọ́. Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀.